Gèlè Orí Ìṣó

Àpótí kan wà nínú yàrá mi tí mo ń kó gèlè sí. Igi rẹ̀ dúdú, ó sì wúwo débi pé ọkùnrin méjì ló máa ń gbé e. Bí ẹ bá wo iwájú rẹ̀, ẹ ó rí ibi tí àgádágodo ń há sí. Bí ẹ bá yí lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí ihò ìṣó mélòó kan tí nǹkan kan kò sí nínú wọn mọ́. Àwọn ọmọ ọmọ mi ti béèrè ìdí ihò yẹn títí ó fi sú wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ihò yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Mo ti wá jókòó wàyí.

Báńjúl ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè é ní Bátọ́ọ̀sì. Èmi àti bàálé mi ní ṣọ́ọ̀bù ní New Town. Abọ́ tánganran là ń tà, òwú ìránṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, ọṣẹ, àti gèlè tí a ń kó wá láti ilé. Iwájú ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn là ń sùn. Obìnrin Akú kan, ìran àwọn ẹrú ilẹ̀ wa tí a dá sílẹ̀ láyé àtijọ́, ló ni ilé náà, àgbà obìnrin tó máa ń wọ kàbà gígùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì máa ń kí wa ní "kushẹ" láràárọ̀ bí ẹni pé ìlú kan náà la ti wá. Ìkíni àwọn babańlá rẹ̀ ló kù sí i lẹ́nu. Ìyókù èdè rẹ̀, ọgbọ́n la fi ń gbọ́ ọ.

Àwa ọmọ ìlú wa tó wà níbẹ̀ nígbà náà kò pọ̀ ju kí a mọ ojú ara wa. Àwọn kan wà ní ọjà ìlú, àwọn kan ní Serrekunda, àwọn mìíràn ti sọdá odò lọ ń tajà ní Bárà. Kò sí ẹni tó dúró lójú kan. Ẹni tí ẹ bá ní New Town nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dá, ó lè ti kó lọ sí Serrekunda. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi gba nọ́ńbà kan ní pósọ́fíìsì fún gbogbo wa, tí àwọn ará ilé sì ń fi nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn kọ lẹ́tà sí wa. Bàálé mi ni wọ́n yàn pé kó máa lọ gbé lẹ́tà wá, nítorí pé ó mọ̀wé, kì í sì í gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kiri. Bó bá gbé wọn dé, inú àpótí yìí ló ń dà wọ́n sí, lẹ́yìn aṣọ ìkélé ní igun ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́tà gbogbo wa pátá, nínú àpótí kan, bí ẹ̀wà inú àpò.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ti dé ló ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó wá di ọjọ́ kan, ọkùnrin méjì jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpótí, ọ̀kan ń tú, èkejì ń kó. Lẹ́tà ẹnì kan bá ìdì ẹnì kejì lọ, ẹni tó gbé e lọ kò mọ̀, ó di Bárà, omi òjò fọ̀ ọ́. Ìjà tí wọ́n jà lórí ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá jókòó, wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa wọ àpótí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ra àgádágodo. Wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹyọ kan, fún bàálé mi. Wọ́n kan ìṣó kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé. Ẹni tó bá fẹ́ wo lẹ́tà, bó bá jẹ́ ọkùnrin, á ṣí fìlà, á fi kọ́ ìṣó. Bó bá jẹ́ obìnrin, á tú gèlè, á fi kọ́ ìṣó. Lẹ́yìn náà ni yóò gba kọ́kọ́rọ́. Bí fìlà tàbí gèlè bá ti wà lórí ìṣó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá aṣọ ìkélé. Bàálé mi pàápàá, bó bá gbé ìdì lẹ́tà tuntun dé láti pósọ́fíìsì, àfi kó gbé e sílẹ̀ lábẹ́ káńtà títí ẹni tó wà nínú yóò fi jáde wá mú fìlà rẹ̀.

Òfin náà dára. Lẹ́tà kankan kò tún sọnù. Àmọ́ ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ẹni tó mọ̀wé á wọlé, á tú gbogbo lẹ́tà ìlú wa yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀ kó tó rí tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, bàálé mi gbọ́dọ̀ bá a wọlé, kó máa ka orúkọ lẹ́yìn lẹ́tà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni mẹ́ta, mẹ́rin ti jókòó níta lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń mu àtáyà, tíì kíkorò tí ará Wolof kan ń sè lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń wo ìṣó bí ẹni ń wo ojú òjò. Baba kan wà tó ń ta fìlà ní Serrekunda, àgbà tó lè sọ̀rọ̀ kí ògiri rẹ́rìn-ín. Ó máa wọ bọ́ọ̀sì kékeré, á gba orí afárá Denton dé ọ̀dọ̀ wa, á bá fìlà ẹlòmíràn lórí ìṣó, á dúró títí, á tún padà lófo kí oòrùn tó wọ̀. Òun ló wí nígbà kan pé àpótí wa ní ikùn erin, ọ̀fun rẹ̀ wá jẹ́ ti ológoṣẹ́.

Bàálé mi kò rí aburú kankan níbẹ̀. Ó so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀. Bó bá ń rìn, ó ń dún, ìró yẹn sì ń dùn mọ́ ọn. Èmi náà kò bínú sí i nígbà yẹn, nítorí pé ẹni tó ń dúró kò lè ṣàì ra òwú tàbí ọṣẹ. Ọ̀dọ̀ wa kún, ọ̀dọ̀ wa gbóná, orúkọ wa sì dára láàárín ọmọ ìlú.

Ìgbà yẹn ni obìnrin náà dé.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn àlejò máa lọ ní Gáná ni ọ̀nà tú òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ká. Kùmásí ni wọ́n ti ń ṣòwò. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí wàhálà yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan gba Lomé lọ, àbúrò rẹ̀ wọ Àbíjánì, ìyá rẹ̀ padà sílé, òun wá bá àwọn oníṣòwò kan wọkọ̀ títí ó fi bá wa ní Báńjúl. Mo fẹ́ sọ pé kò lẹ́wà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbìyànjú láti sọ ọ́, ẹnu mi kò gbà. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bó bá rẹ́rìn-ín, ó máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni pé ẹ̀rín náà kò tí ì tó àkókò. Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń tà kiri, ó sì máa ń sọdá sí Bárà pẹ̀lú igbá rẹ̀.

Òun ni lẹ́tà rẹ̀ pọ̀ jù nínú gbogbo wa. Láti Lomé, láti Àbíjánì, láti ilé. Èmi tí mo ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, lẹ́tà mi kì í ju ẹyọ kan lọ láàárín òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló sì máa ń kọ ọ́, láti fi sọ pé àwọn wà, pé kí n má gbàgbé àwọn. Mo ń jowú lẹ́tà rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí n jowú lé lórí.

Kò mọ̀wé. Bó bá ti dé, á kúnlẹ̀ kí mi, á tú gèlè, á fi kọ́ ìṣó. Bàálé mi á dìde kó tó béèrè. Àwọn méjèèjì á wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Mo máa ń gbọ́ ohùn bàálé mi, ó ń ka orúkọ lẹ́tà kan, ó ń gbé e sílẹ̀, ó ń ka òmíràn. Bó bá rí tirẹ̀, á tú u, á kà á fún un láti òkè délẹ̀, á tún padà sí òkè. Ohùn tó fi ń kà á, kì í ṣe ohùn tó fi ń ka ti àwọn àgbààgbà Serrekunda. Èmi á wà ní káńtà, obìnrin Wolof kan á na ọwọ́ sí òwú pupa, màá nà án ní funfun.

Ó wá dé ọjọ́ kan tí sùúrù mi tán. Mo pe obìnrin náà bó ṣe ń tú gèlè, mo ní kó jẹ́ kí n bá a ka tòní. Èmi náà kúkú lọ sílé ìwé dé ibi tí mo lè ka orúkọ. Kò tí ì dáhùn tí bàálé mi fi sọ láti ìdí káńtà pé, "Ìyá àwọn ọmọ, ìwọ bójú tó ọjà. Ẹni tí ẹgbẹ́ fún ní kọ́kọ́rọ́ ni ó ń ran èèyàn lọ́wọ́."

Mo ní, "Ṣé kọ́kọ́rọ́ ló ń kà á ni?"

Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Bàálé mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé lọ. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, ẹ mọ irú ẹ̀rín yẹn. Òfin ẹgbẹ́ ló fi bojú. Ẹnikẹ́ni kò lè bi í pé kí ló ń ṣe lẹ́yìn aṣọ pẹ̀lú opó, nítorí gbogbo ìlú mọ ohun tó ń ṣe: lẹ́tà ló ń kà. Ẹnikẹ́ni kò lè bi obìnrin náà pé kí ló pẹ́ sí, nítorí gbogbo èèyàn ló ń pẹ́ níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà ní ọkàn mi nígbà náà: ṣé ọkùnrin yìí fẹ́ fẹ́ obìnrin yìí lé mi lórí ni, àbí kò fẹ́? Mo ń wo ojú rẹ̀ nídìí oúnjẹ, mo ń wò ó nígbà tó bá ń lọ sí mọ́sálásí, n kò rí èsì níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo lọ kí onílé wa tí ẹsẹ̀ ń dùn. Nígbà tí mo padà, kò sí èèyàn lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ṣùgbọ́n gèlè obìnrin náà wà lórí ìṣó. Aláwọ̀ ewé ni, ó ní ìlà tín-ín-rín. Mo rò pé ó jáde lọ ra nǹkan, yóò padà. Ilẹ̀ ṣú, kò dé. Ilẹ̀ mọ́, kò dé. A wá gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti èbúté bọ̀ pé àwọn rí i nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá sí Bárà, pẹ̀lú igbá ìlẹ̀kẹ̀ lórí. Ọjà ọ̀sẹ̀ kan wà ní òkè ọ̀hún tó fẹ́ lọ, ó sì lè ti ibẹ̀ lọ sí òmíràn. Kọ́kọ́rọ́ àpótí wà ní igun ìró rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àpótí wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ wà ní òdìkejì odò. Gèlè wà lórí ìṣó, gèlè náà sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ẹnì kan ṣì wà nínú. Bó bá ṣe fìlà ni, wọn ì bá yọ ọ́, kí wọ́n sì wá irin fi já àgádágodo. Gèlè obìnrin ni. Ọkùnrin wo ni yóò na ọwọ́ sí gèlè opó lábẹ́ òrùlé ọkùnrin mìíràn, lójú gbogbo ọmọ ìlú? Wọ́n ń dé, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń mu àtáyà, wọ́n ń padà lọ. Ẹni tuntun tó bá dé kò tilẹ̀ béèrè. Ó rí gèlè, ó bá àwọn tó kù jókòó. Bàálé mi lọ sí pósọ́fíìsì, ó gbé ìdì lẹ́tà dé, ó fi sábẹ́ káńtà, ó tún lọ, ó tún gbé òmíràn dé. Abẹ́ káńtà kún títí tí ẹsẹ̀ mi kò fi ríbi dúró sí.

Inú àpò ọjà lábẹ́ káńtà yẹn ni mo ti ń wá gèlè tí mo fẹ́ fi han oníbàárà kan, aláwọ̀ àlùkò tó ní òwú dídán létí, ẹyọ kan tó kù nínú irú rẹ̀. N kò rí i. Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, n kò rí i. Mo wo gèlè aláwọ̀ ewé tó wà lórí ìṣó. Mo wá rántí pé àwọn ará èbúté ò sọ pé orí rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n láti òkèèrè nítorí gèlè tó ń tàn lórí rẹ̀.

Bàálé mi ń ka ìdì lẹ́tà. Mo dúró sí iwájú rẹ̀, mo bi í pé níbo ni gèlè aláwọ̀ àlùkò wà. Kò gbé orí sókè.

"Mo fún un."

"O fún ta ni?"

"Ó fi tiẹ̀ kọ́ ìṣó, oníbàárà rẹ̀ sì ń pè é kíákíá pé ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra, ó gbàgbé tirẹ̀ síbẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ káńtà ló sún mọ́ ọwọ́ mi. Orí rẹ̀ ṣófo, Ìyá àwọn ọmọ. Ṣé kí opó jáde sí ìgboro láìwé gèlè ni?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Òfin tí àwọn àgbà fi ń ṣọ́ lẹ́tà ló ṣí obìnrin yìí lórí níwájú ọkọ mi, òfin yẹn náà ló sì fún ọkọ mi láàyè láti fi gèlè dídára jù tó wà nínú ọjà mi bò ó lórí. N kò bá a jà. Mo kàn bi í pé, "Ìwọ lo wé e fún un?" Ó ní rárá. Ó yí ìdì lẹ́tà kan dojú délẹ̀ kó tó wí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, baba onífìlà dé láti Serrekunda. Ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó ń ṣàárẹ̀ nílé, ó sì ti ń sọdá afárá láti gbọ́ ìròyìn rẹ̀ kí gèlè náà tó dé orí ìṣó. Ó wo gèlè, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ẹni tó wà nínú àpótí yìí, bí kò bá tíì kú síbẹ̀, ó yẹ kó ti bímọ. Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dìde lọ kí ìrun ní mọ́sálásí. Bàálé mi tẹ̀ lé wọn. Baba onífìlà nìkan ló jókòó, ó ní orúnkún òun kò gba ìrìn, pé orí bẹ́ǹṣì lòun yóò ti kí tòun.

Mo lọ sí ìdí ìṣó. Mo yọ gèlè náà. Obìnrin ni mí, ẹnikẹ́ni kò lè fún ọwọ́ mi ní ìtumọ̀ mìíràn. Mo gbé e sí imú, mo gbóòórùn ọṣẹ tí mo ń tà lára rẹ̀, ọṣẹ tí n kò rántí pé mo tà fún un. Mo mú irin pẹlẹbẹ tí mo fi ń tú maṣíìnì ìránṣọ mi, mo ní kí baba bá mi yí àpótí padà.

Baba ní, "Ọmọ mi, iwájú ni àgádágodo wà."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, bàbá. Iwájú kọ́ ni mo fẹ́ gbà."

Irin méjì ló so ọmọrí mọ́ àpótí lẹ́yìn. Mo lọ́ ìṣó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi jábọ́. Ọmọrí ṣí láti ẹ̀yìn, àgádágodo ṣì wà níwájú ní títì, bí aṣọ́nà tó ń sùn. Mo kó gbogbo lẹ́tà jáde sórí ẹní. Mo kó ti abẹ́ káńtà mọ́ ọn. Baba mú jìgì rẹ̀ wọ̀, ó wá tirẹ̀, a jọ wá a, kò sí lẹ́tà kankan fún un níbẹ̀ rárá. Ó wo gbogbo ìwé tó tẹ́ sílẹ̀, ó wò mí.

"Ohun tí mo ń gba orí afárá wá fún nìyí?"

Mo ní kó má bínú. Ó ní òun kò bínú, pé bí lẹ́tà kò bá sí, ìyá òun kò tíì kú nìyẹn, nítorí ìròyìn ikú kì í pẹ́ lọ́nà.

Ṣùgbọ́n n kò ní í fi àpótí náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Aṣọ kan wà lára ògiri yàrá onílé wa tó rán àpò kéékèèké mọ́, tó ń fi ìyarun, abẹ́rẹ́ àti jìgì sí, olúkúlùkù nínú àpò tirẹ̀. Mo fa aṣọ tádà funfun kan yọ, mo jókòó sí ìdí maṣíìnì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán àpò mọ́ ọn, agbo ilé kan, àpò kan. Kí ẹni tí kò mọ̀wé lè mọ tirẹ̀, aṣọ tó yàtọ̀ ni mo fi rán ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti baba onífìlà, àjákù fìlà rẹ̀ ni. Ti ẹni tó ń ta tábà, àdìrẹ dúdú. Nígbà tí mo dé orí ti obìnrin náà, mo mú gèlè aláwọ̀ ewé yẹn, mo gé e láàárín, mo rán an. Baba rí i. Ó ní, "Hẹn-ẹn."

Nígbà tí wọ́n fi ti mọ́sálásí gba ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́, aṣọ alápò ti wà lórí ìṣó, lẹ́tà olúkúlùkù sì ti wà nínú àpò rẹ̀. Kò sí pé à ń dúró de ẹnì kan mọ́. Ẹni mẹ́rin lè dúró síwájú rẹ̀ kí wọ́n na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ ẹnì kan kò ní í kan ti ẹlòmíràn. Bàálé mi lè máa fi lẹ́tà tuntun sí i bí wọ́n ti ń mú ti àtijọ́ jáde. Bẹ́ǹṣì ṣófo kí omi àtáyà tó hó. Wọ́n yìn mí. Wọ́n ní ọgbọ́n obìnrin ló gba gbogbo wa là. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ránṣẹ́ ìkíni sí mi. Títí di òní, ẹni tó bá rántí Báńjúl nínú wa máa ń dárúkọ ọgbọ́n yẹn. N kò já wọn nírọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí obìnrin yẹn wọlé, kó mú lẹ́tà rẹ̀, kó jáde, kí ó má rí ìdí láti jókòó.

Bàálé mi wo aṣọ náà títí. Ó wo àpótí tó ṣí lẹ́yìn. Ó ní mo ṣe dáadáa. Ó lọ jókòó sí ìdí káńtà, ó fọwọ́ kan okùn ṣòkòtò rẹ̀ níbi tí kọ́kọ́rọ́ máa ń wà.

Obìnrin náà ti Bárà dé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, gèlè mi lórí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó tú igun ìró, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, bàálé mi ló nà án sí. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ní kò wá sí òun lọ́kàn àfi nígbà tí ọkọ̀ ti wà láàárín omi. Mo fi ọwọ́ hàn án pé lẹ́tà rẹ̀ wà nínú àpò tó jẹ́ tirẹ̀. Ó wá ojú sí i, ó rí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gèlè mi lẹ gé yìí."

"O kúkú ti ní tuntun."

Ó gbé ọwọ́ sí orí, ó fọwọ́ kan gèlè náà. Ó yọ lẹ́tà rẹ̀ nínú àpò. Kò gba àkókò kankan. Mo ń dúró kó lọ.

Kò lọ. Ó jókòó sí ibi tó máa ń jókòó, lẹ́tà wà lórí itan rẹ̀. Ìṣó kò fi nǹkan kan hàn. Aṣọ ìkélé wà ní fífà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí ohun tó ń bò mọ́. Bàálé mi gba lẹ́tà náà, ó kà á fún un níwájú gbogbo èèyàn, ó parí, ó dá a padà. Obìnrin náà kò dìde síbẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó tún wá, kò tilẹ̀ sí lẹ́tà nínú àpò rẹ̀. Ó tún jókòó.

Baba onífìlà wà níbẹ̀. Òun ló la ẹnu sọ ohun tí gbogbo wa ń wò.

"Ìwọ ọmọ yìí, àpótí kò sí mọ́, àgádágodo kò sí mọ́. Kí lo tún ń dúró dè?"

Obìnrin náà wo bàálé mi. Bàálé mi ń ká ìró kan tí ó ti ká tẹ́lẹ̀. Ó tú u, ó tún ká a. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀tanú. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe. Ká ní gèlè ṣì wà lórí ìṣó, wọn ì bá máa jókòó lẹ́yìn aṣọ yẹn títí ọjọ́ ogbó, lẹ́tà ì bá máa gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀rọ̀, bàálé mi kò sì ní ní ìgboyà láti sọ nǹkan kan. Ó fẹ́ràn kí nǹkan máa dúró. Èmi ni mo la ọ̀nà tí gbogbo ìlú fi rí wọn.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ kò jẹ́ kó pẹ́. Wọ́n pe bàálé mi, wọ́n ní kò dára kí opó máa jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin láìnídìí, pé bó bá fẹ́ ẹ, kó ṣe é bó ṣe yẹ. Bí kò bá fẹ́ ẹ, kó wí fún un kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó ti wà nílẹ̀ láti ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi parí rẹ̀. Lẹ́tà yá, ìgbéyàwó náà yá.

Bàálé mi wọlé wá bá mi ní ọ̀sán, nígbà tí ọjà dákẹ́. Ó jókòó sórí ẹní, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ." N kò ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó sọ ọ́ tán, mo ní mo ti gbọ́. Mo ní n kò ní í sọ pé rárá, nítorí bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò ní ìyá ọlọ́gbọ́n ni ó ń sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbà.

"Kí ni?"

"Kọ́kọ́rọ́ yẹn."

Ó wo okùn ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní kọ́kọ́rọ́ yẹn kò ṣí nǹkan kan mọ́. Mo ní mo mọ̀. Ó tú u, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó gbóná, nítorí ara rẹ̀ ló ti wà.

Ọdún tí a lò ní Báńjúl lẹ́yìn èyí pọ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ padà sílé, àpótí náà bá wa wọkọ̀. Mo wá alágbẹ̀dẹ tó so ọmọrí rẹ̀ padà lọ́nà mìíràn, kò kan àwọn ihò àtijọ́, gèlè mi sì ni mo kó sínú rẹ̀. Bàálé mi ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó kú sí ọwọ́ obìnrin náà, kì í ṣe sí ọwọ́ mi, nítorí mo jáde lọ bu omi. Ìyẹn náà, mo ń jowú rẹ̀.

Yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. A ti di arúgbó méjì, eyín kò pé sí wa lẹ́nu. Bó bá ní òde, á rọra yọ sí ẹnu ọ̀nà mi, á fi ọwọ́ bo ẹnu bó ṣe máa ń ṣe, á ní gèlè tòun kò bá aṣọ mu. Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣí i."

Kọ́kọ́rọ́ wà ní ọrùn mi. Ó mọ̀ pé ó wà ní ọrùn mi. Mo máa ń ní kó jókòó ná, pé mo ń wá a.